Láti Houston dé New Orleans: àwa àti àwọn ará sẹ́fítì

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹwàá 2023

Ìdájí la kúrò ní Houston, nítorí Àǹtí ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wa ni wọ́n. Èmi ni mò ń rí sí ọ̀rọ̀ sẹ́fítì ní ilé ìkẹ́rù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọmọ Ìbàdàn ni mí, kò sí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tán nínú mọ́tò. Ọ̀gá wa ló sanwó fún àwa méjèèjì láti lọ sí àpérò àti pàtẹ ọjà tí National Safety Council, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń ṣe lọ́dọọdún. New Orleans ló bọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá ní ká bá òun mú bọ̀: àkójọ nǹkan tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ rà.

"Rírà ṣá ni tiwọn," ni Àǹtí wí bí a ṣe ń jáde ní ìlú. "Wọn ò bi wá pé kí ló yẹ kí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe."

Ọ̀nà márosẹ̀ I-10 la tọ̀, ó tó nǹkan bí 350 máìlì. Láti Beaumont títí dé Baton Rouge, ilé ìfọpo lèèyàn ń rí lọ́tùn-ún lósì, páìpù lórí páìpù, iná ń jó lórí òpó. Láàárín wọn ni afárá irà Atchafalaya wà, máìlì 18 lórí omi àti igi. Àǹtí, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, ò sọ gbólóhùn kan títí a fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a dé LaPlace, níbi tí I-55 ti wá pàdé I-10, òórùn ìgbẹ́ jíjó ti ń wọ inú mọ́tò. Ọ̀dá ọdún yìí mú Louisiana gan-an. Irà tó wà lápá ìlà oòrùn New Orleans ń jó, odò Mississippi sì fà débi pé omi iyọ̀ òkun ń gun odò bọ̀ wá sókè. Láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn ará ìlú ti ń du omi inú ike rà. Obìnrin tó gbà wá sí hòtẹ́ẹ̀lì ní ká má bẹ̀rù, omi ẹ̀rọ ṣì dára. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ ra páálí omi kan.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣí fèrèsé, n kò rí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Kùrukùru àárọ̀ ti pa pọ̀ mọ́ èéfín irà, ó funfun báláú, ó sì ń ta èèyàn nímú. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sí gbọ̀ngàn. Àǹtí ti fi ìbòmú bo imú tiwọn, wọ́n na ọ̀kan sí èmi náà: "Gbà, ìwọ ọmọ yìí. Ká má lọ kọ́ nípa èémí ká sì fi èémí tiwa ṣeré."

Ẹni dúdú tó kọ́kọ́ ṣe olórí ìlú New Orleans, Ernest N. Morial, ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn yìí lórúkọ. Ó nà lọ réré lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, àyè ìpàtẹ inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú òun òró. Inú ibí kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn há sí láìsí omi, láìsí oúnjẹ, nígbà ìjì Katrina ní 2005. Nísinsìnyí, kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọdé sì ń pín ṣokoléètì.

A ò tíì jìnnà nínú ìpàtẹ tí fóònù àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lórí I-55, nítòsí Manchac, ọkọ̀ ń gbá ọkọ̀ nínú kùrukùru yẹn, wọ́n sì ń gbiná. Ọ̀nà tí a rí ẹnu rẹ̀ lánàá. Ní alẹ́ tí mò ń kọ èyí, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti sọ pé ọkọ̀ 158 ló kàn án, ó kéré tán èèyàn méje ló sì ti kú. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé wà níbẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹnu iṣẹ́ ni díẹ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn wà.

Ohun tí àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ wa kì í gbà gbọ́ nìyí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ kú, ẹ̀rọ tàbí iná ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ní 2021, òṣìṣẹ́ 5,190 ló kú nípa ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. 1,982 nínú wọn ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ìrìnnà ló pa wọ́n. Kò sí ohun mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀. Mo rìn yíká ìpàtẹ náà, mo rí kámẹ́rà tó ń wo ojú awakọ̀ bóyá ó ń tòògbé, mo rí ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ara wọn jù. Mo wá ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta "má jáde lónìí" títí, n ò rí i.

Ìpàtẹ náà tóbi débi pé ojú máa ń rẹ èèyàn kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́. Ìbọ̀wọ́ tí ọ̀bẹ kì í gé. Bàtà onírin níwájú. Awò ojú tí oru kì í bò. Aṣọ tó ń tutù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Àpò ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ìgbànú òṣìṣẹ́ tó máa ń gbọ̀n bí ó bá tẹ̀ ba gbé ẹrù lọ́nà tí kò tọ́ (èmi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá, bí ẹrù bá wúwo jù, ẹrù ni kí wọ́n bá wí). Gbogbo ìsọ̀ ló ń pín nǹkan ọ̀fẹ́, Àǹtí sì ti ra báàgì kan láti kó wọn sí.

Gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé ìpele márùn-ún ni ààbò ní. Kí a mú ewu náà kúrò pátápátá, ìyẹn ló ṣáájú. Bí kò bá ṣeé mú kúrò, kí a fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kí a fi nǹkan dínà láàárín ewu àti èèyàn: odi, irin ìdábùú, fáànù tó ń fa eruku. Lẹ́yìn èyí ló kan òfin, ẹ̀kọ́, àyípo àkókò iṣẹ́, àti ìkìlọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sára ló kẹ́yìn pátápátá, nítorí pé tó bá ya, tàbí tó tóbi jù, tàbí tí òṣìṣẹ́ gbàgbé rẹ̀ sílé, kò sí nǹkan mìíràn tó kù láàárín òun àti ewu. Ṣùgbọ́n ohun tó kẹ́yìn yìí ló gba àyè jù nínú gbọ̀ngàn. Kò sì ya èèyàn lẹ́nu: ewu tí a ti mú kúrò kò ṣeé dì sí páálí tà, ìbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ máa ń ya, wọ́n á sì tún padà wá ra òmíràn lóṣù tó ń bọ̀.

Níbi ìsọ̀ àwọn aláṣíborí, ọkùnrin kan ń ṣàlàyé pé akoto líle tí ilé-iṣẹ́ E. D. Bullard ṣe ní San Francisco ní 1919 ló bí gbogbo èyí tí a ń dé lónìí, àti pé níbi iṣẹ́ afárá Golden Gate ni wọ́n ti kàn án nípá fún òṣìṣẹ́ pé kó dé e. Òótọ́ ni. Ohun tí kò fi kún un ni àwọ̀n. Wọ́n na àwọ̀n kan sábẹ́ afárá yẹn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ọkùnrin 19 ló já bọ́ sínú rẹ̀ tí wọn ò kú. Ní oṣù kejì 1937, pẹpẹ ìdúró kan já, ó fa àwọ̀n ya, èèyàn mẹ́wàá sì bá a lọ. Síbẹ̀ mọ́kànlá péré ni gbogbo ẹni tí afárá yẹn pa, ní àkókò tí wọ́n máa ń ṣírò pé mílíọ̀nù dọ́là kan iṣẹ́, ẹ̀mí kan. Akoto ni gbogbo ayé rántí. Àwọ̀n ló gbà wọ́n là.

Ibi tí èrò pọ̀ sí jù ni wọ́n ti ń ju àpò yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ láti òkè. Wọ́n de hánẹ́ẹ̀sì, ìgbànú tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lókè máa ń wọ̀ sára, mọ́ àpò náà, wọ́n tú u sílẹ̀, okùn gbá a mú, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo dúró títí ó fi ku èmi àti ẹni tó ń ṣe é, mo sì bi í léèrè bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀ fún mi. Okùn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Apá tó ń tú díẹ̀díẹ̀ kí ìjábọ́ má bàa já èèyàn láàárín máa ń gùn sí i tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Láti ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ tí okùn wà dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, bí 5. Fi 3 lé e kí ẹsẹ̀ má bàa kan ilẹ̀. Láti ibi tí wọ́n so okùn mọ́ dé ilẹ̀, kó tó nǹkan bí 18. Pẹpẹ òkè ní ilé ìkẹ́rù wa ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ibi tí wọn yóò so okùn mọ́ níbẹ̀ kò sì ju èjìká èèyàn lọ. Tí a bá ra hánẹ́ẹ̀sì tó lówó jù lọ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹni tó bá já bọ́ lè fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ kí okùn tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Irin ìdábùú la nílò, tí kò ní jẹ́ kó já bọ́ rárá.

Àǹtí ti ń jà níbòmíràn. Ọwọ́ wọn kéré, kò sí ìbọ̀wọ́ kan tó bá wọn mu ní ìsọ̀ mẹ́ta. Wọ́n bi ẹni tó ń tà á bóyá obìnrin kì í ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó rẹ́rìn-ín, Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sókè, ẹnu ìka ìbọ̀wọ́ ń mì bí etí ewúrẹ́. "Èyí ni kí n fi sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí?" Nígbà tó yá ni wọ́n rí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ti obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba nọ́ńbà wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀kọ́ ọ̀wúrọ̀ tí mo yàn dá lórí bí a ṣe ń ti ojú iná ẹ̀rọ pa kí a tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ: pa iná níbi tó ti ń wọlé, fi àgádágodo tì í, so páálí mọ́ ọn tí a kọ orúkọ ẹni tó ń tún un ṣe sí, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ẹni yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà tú ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sílẹ̀, bí afẹ́fẹ́ inú páìpù, sípíríǹgì tó fà, ẹrù tó wà lókè. Kí o wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná, kí o rí i pé kò dáhùn, kí ọwọ́ tó wọlé.

Mo jókòó síbẹ̀, Ìkẹjà ni mo wà lọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ oníke kan ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. NEPA mú iná lọ́sàn-án ọjọ́ kan (NEPA ti di PHCN, PHCN náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, orúkọ ò tíì kúrò lẹ́nu wa). Ọmọkùnrin kan rí i pé àyè ti ṣí sílẹ̀ láti yọ ike tó há, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Wọ́n ṣíná jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìka mẹ́ta ló lọ. Ohun tí fọ́ọ̀mánì ń wí kiri ni pé ọmọ náà kò fara balẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ̀rọ tó ní ibi méjì tí iná ti ń wọlé kò ní àgádágodo kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bi ọlọ́jẹnẹrétọ̀ bóyá ó ní bó ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn wà nínú ẹ̀rọ. Nílé wa, àìsíná ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lò bí àgádágodo. Ó sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó ní òun yóò máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní kó máa fi ṣe é.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi àti Àǹtí jọ lọ gbọ́ ti eruku òkúta. Àwọn tó ń gé òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ṣe orí kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn lọ́dún yìí. Silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, tó wà nínú òkúta yẹn lè lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí kan tó jáde ní oṣù keje yìí láti California sọ nípa àwọn aláìsàn 52, àwọn ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wá láti Mexico àti àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ̀ lé e. Mẹ́wàá ti kú nínú wọn, àwọn mìíràn ń wá ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn tí wọn yóò pààrọ̀ tiwọn sí. Eruku tí ojú ò rí ni. Ó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró ń le, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ti fi ìwọ̀n tí eruku náà kò gbọ́dọ̀ kọjá lélẹ̀ ní 2016, ìyẹn 50 máíkírógíráàmù nínú mítà oníhà mẹ́fà afẹ́fẹ́ kan fún wákàtí mẹ́jọ. Omi tó ń ṣàn sórí ayùn máa ń dín eruku náà kù gan-an, bí wọ́n bá tún fi fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ kún un.

Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1930 sí 1931, wọ́n gbẹ́ ihò kan gba inú òkè kọjá ní Hawks Nest ní West Virginia. Àwọn ènìyàn dúdú tó wá iṣẹ́ láti gúúsù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ òkúta náà ní gbígbẹ, láìlo omi, kí iṣẹ́ lè yá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ló sì kú.

Àǹtí bá mi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí a jáde. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé, àwọn tó ń fọ́ òkúta máa ń wá, ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n á sì fún wọn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. "Ikọ́ ẹ̀gbẹ lóòótọ́ ni fún ẹlòmíràn, nítorí eruku yẹn ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n a ò bi ẹnì kan ṣoṣo pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe." Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́, Àǹtí, kò sí nínú fọ́ọ̀mù ni." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kò sí nínú fọ́ọ̀mù."

Mo fò ẹ̀kọ́ ariwo, mo kàn gba ìwé wọn. Èmi tí mo dàgbà lẹ́bàá ẹ̀rọ ata mọ èyí tó wà níbẹ̀: bí ariwo bá ṣe fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) mẹ́ta lé sí i, ìdajì àkókò ni kí etí máa lò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́. Àwọn ìyá alátagígún ìgbà yẹn ò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" mọ́ àfi kí o lọ dúró níwájú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, a rìn gba Canal Street lọ dé orígun Rampart. Hòtẹ́ẹ̀lì olókè 18 ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ tó wó ní 12 oṣù kẹwàá 2019. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta kú. Òkú méjì wà nínú àwókù yẹn fún oṣù mẹ́wàá, títí di oṣù kẹjọ 2020, kí wọ́n tó rí wọn gbé jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó yè, ọmọ Honduras, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó rí kó tó wó. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìwó náà ni àwọn agbófinró ìwọ̀lú mú un, kí ọdún sì tó parí wọ́n ti dá a padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Inú ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká ni a rí, ilẹ̀ lásán. Mo ti ń ronú nípa ọkùnrin tí wọ́n dá padà yẹn láti ìgbà náà. Ọjọ́ méjì la fi gbọ́ "bí o bá rí ewu, sọ ọ́" lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn nínú gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ife, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára fìlà. N ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tó bá sọ ọ́.

A yà sí Tremé tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Àwọn ilé gígùn tóóró, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí títì. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Michael Vlach tọ ipa irú ilé yìí gba Haiti lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa. Àǹtí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó jọ ilé ìyá àwọn ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ku àgbàlá. A jẹ gumbo, ọbẹ̀ ìlú náà. Ó dùn, iyọ̀ pọ̀.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹwàá

Àkójọ tí gbogbo èèyàn ń retí ti jáde. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń kéde òfin mẹ́wàá tí àwọn ayẹniwò OSHA bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó rú u jù, ìpàdé yìí sì ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Ààbò kúrò lọ́wọ́ ìjábọ́ látòkè ló tún ṣáájú, ìgbà 7,271, ọdún kẹtàlá nìyí léraléra. Èyí tó tẹ̀ lé e ni sísọ ewu kẹ́míkà fún òṣìṣẹ́, 3,213. Àkàbà, 2,978. Scaffold, pẹpẹ ìdúró àwọn tó ń kọ́lé, 2,859. Ẹ̀kọ́ nípa ìjábọ́ wà nísàlẹ̀ díẹ̀, 2,112. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọ̀rọ̀ òkè.

Ọdún mẹ́tàlá. Hánẹ́ẹ̀sì ò wọ́n. Ẹni tó ń kan páànù ní àwọn ilé ní Houston ní i nínú ọkọ̀ rẹ̀; mo ti rí i. Ibi tí yóò so ó mọ́ ni kò sí lórí òrùlé, òrùlé ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀ fún un, kì í ṣe wákàtí. Kí ó tó kan ìkọ́ mọ́ ọn, kó tó gùn, kó tó sọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí tirẹ̀. Ní 2023 yìí, owó ìtanràn fún àṣìṣe ńlá kan lè tó $15,625, ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sì lè tó $156,259, ṣùgbọ́n ẹni tí ayẹniwò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í san nǹkan kan.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, a bá àwọn ọmọ Nàìjíríà pàdé, àwọn méjì láti Port Harcourt, ọ̀kan láti Èkó. Ariwo wa ló jẹ́ kí wọ́n rí wa. Ti àwọn ará Port Harcourt, epo ni, ìlànà wọn le bí ti ibí, kódà ó lè le ju ti ibí lọ. Ti ará Èkó, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ. Ó ní òfin kọ́ ló wọ́n wa: Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn 155 ti ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, lórí ààbò láti 1994, Factories Act wà nílẹ̀, òfin 2010 sì sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí NSITF, àpò owó ìjọba, kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lè rí nǹkan gbà. "Ẹ bi òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ní ọ̀nà Ìkòròdú bóyá wọ́n ti gbọ́ NSITF rí."

Àǹtí lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn naloxone símú ẹni tí oògùn olóró ti fẹ́ pa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹni tó fẹ̀yìn pa lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n fún ní oògùn ìrora líle, ni ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹta yìí ni ìjọba ti gbà kí wọ́n máa tà á láìsí ìwé dókítà. Wọ́n ti fi í sínú àkójọ wọn.

Ìsọ̀ tó pẹ́ mi jù lọ́jọ́ yìí kò ní èrò rárá. Bàbá arúgbó kan ló jókòó síbẹ̀, ọ̀pá ìlẹ̀kùn ló ń tà, èyí tó dábùú ìlẹ̀kùn tí èèyàn á kàn fara tì kó ṣí síta. Ó rí i pé mo fẹ́ gbọ́, ó sọ ìtàn rẹ̀. Ní òpin 1903, iná jó tíátà Iroquois ní Chicago, ó lé ní 600 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu ìlẹ̀kùn tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣí. Carl Prinzler, oníṣòwò irin kan, yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ó wá ẹni tó lè bá a ṣe ìlẹ̀kùn tí èrò tó ń sáré lè fi ara ṣí, ní 1908 ọ̀pá yẹn sì wà lọ́jà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 25 oṣù kẹta 1911, ilé ìránṣọ Triangle jó ní New York, 146 òṣìṣẹ́ kú, àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn kan pa kí wọ́n má bàa jí aṣọ. Ọ̀pá náà ti wà láyé nígbà yẹn. Wọn ò rà á.

Mo sọ ti Òdógunyàn ní Ìkòròdú fún un, ní oṣù kẹsàn-án 2002, ilé-iṣẹ́ tó jó lóru tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ìlẹ̀kùn sì wà ní títì. Ó bi mí pé kí nìdí tí wọ́n fi tì í. Mo ní ìdí kan náà. Ó fún mi ní ìwé iye owó wọn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹwàá

I-10 la tún gbà padà, ojú ọ̀run mọ́. Àǹtí ló ń wa mọ́tò, èmi ń kọ àkójọ fún ọ̀gá. Irin ìdábùú fún pẹpẹ òkè. Àgádágodo pẹ̀lú páálí orúkọ fún gbogbo ẹ̀rọ, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Ìbọ̀wọ́ ti obìnrin láti ilé-iṣẹ́ tí Àǹtí rí. Naloxone méjì. Ìlà tó kẹ́yìn, ti Àǹtí ni: lọ́jọ́ tí kùrukùru bá pọ̀, kí awakọ̀ dúró, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un. Ọ̀gá pe fóònù kí a tó kúrò ní Louisiana, ó ní èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe nǹkan rírà. Àǹtí ní kó tún un kà dáadáa, owó wà nínú rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Agbárá pè nígbà tí a dúró ra epo ní Lafayette. Ó fẹ́ kí n fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́. Mo ní màá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún mi, ìlẹ̀kùn mélòó ló ń ṣí níbi iṣẹ́ wọn lóru?

"Méjì ni, Bọ̀dá. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́wọ́ máígádì."

"Níbo ni máígádì máa ń wà?"

Ó ní géètì ni, lódìkejì ọgbà. Mo ní kó fẹsẹ̀ rìn ín láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ máígádì, kó wo aago, kó kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jọ fọwọ́ sí ìwé náà kó má bàa jẹ́ òun nìkan ló sọ ọ́. Ó ní iṣẹ́ alẹ́ lòun ń ṣe lọ́la, òun á rìn ín.